Ẹ Bi Mí: Rìháàbù Wo La Máa Gbé Màámi Lọ?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ rìháàbù, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi tẹ́rápì kọ́ aláìsàn bó ṣe máa tún dá ṣe nǹkan fúnra ẹ̀, àti nọ́ọ̀sìn hóòmù, ìyẹn ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, pọ̀ débi pé mo ní láti kó àwọn yòókù tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé nípa ìyàwó àti ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe sùúrù fún mi, ó di oṣù tó ń bọ̀. Amẹ́ríkà ni gbogbo àwọn tó kọ̀wé wà, òfin ibẹ̀ ni mo sì máa fi dáhùn. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà wá, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe níbẹ̀, ṣíìfù alẹ́ ni mo sì ṣe jù, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i tí mò ń tẹnu mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àti ní wíkẹ́ńdì, ẹ mọ ibi tó ti wá.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ káàsán mà. Màámi ní sítírókù, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Ọsibítù tí wọ́n wà ní Houston níbí ní àwọn máa tó dá wọn sílẹ̀, obìnrin kan wá mú pépà kan wá tó kún fún orúkọ àwọn ilé ìtọ́jú, ó ní kí n mú mẹ́ta kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Mo sáré lọ wo ọ̀kan lánàá, ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n ní òdòdó, wọ́n ní píánò, wọ́n fún mi ní kọfí. Bọ̀dá mi ní London ń pariwo lórí fóònù pé a ò gbọ́dọ̀ gbé ìyá wa lọ sílé arúgbó. Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ni wọ́n ní. Kí ni kí n máa wò gan-an? Àbíkẹ́yìn, Houston.

ÌDÁHÙN: Àbíkẹ́yìn, ẹ kú ìdúró ti màmá o, Olúwa á gbé wọn dìde. Kẹ́ ẹ tó mú orúkọ kankan nínú pépà yẹn, ẹ padà lọ bá obìnrin tó fún yín, case manager là ń pe irú wọn, kẹ́ ẹ bi í pé, "Ṣé màámi ò lè lọ sí inpatient rehab ni?" Ẹ sọ ọ́ báyẹn gẹ́lẹ́. Ọsibítù tàbí ẹ̀ka ọsibítù tó wà fún rìháàbù nìyẹn, ó yàtọ̀ sí skilled nursing tó wà lórí pépà yín o, ìyẹn nọ́ọ̀sìn hóòmù tó tún ń ṣe rìháàbù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rìháàbù làwọn èèyàn wa ń pe méjèèjì. Ní inpatient rehab, nǹkan bíi wákàtí 3 lóòjọ́ ni wọ́n fi máa ń ṣe tẹ́rápì fún aláìsàn, ó kéré tán ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, dókítà sì gbọ́dọ̀ wá rí i lójúkojú ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní skilled nursing, ohun tí òfin kàn ní dandan ni pé kí dókítà rí i lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! American Heart Association ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 2016 pé ẹni tó ní sítírókù, tó bá kúnjú ìwọ̀n fún inpatient rehab, tí ọ̀kan sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó ẹ̀, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ dípò skilled nursing. Wọ́n lè ní màmá ò lágbára tó láti ṣe tẹ́rápì wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ó sì lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé dókítà rìháàbù ló yẹ̀ wọ́n wò tó sọ bẹ́ẹ̀, kó má jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì ṣófo kíákíá ni wọ́n ṣe gbé èyí tó yá jù síwájú yín.

Tó bá wá jẹ́ pé skilled nursing náà ni wọ́n máa lọ, ẹ fi bọ̀dá lọ́kàn balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹni tó lọ fún rìháàbù máa ń lò, wọ́n á kọ́ ọ bó ṣe máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe máa dé ilé ìtọ̀, bó ṣe máa gbé oúnjẹ mì, ó di ilé. Òótọ́ ni pé inú ilé kan náà làwọn tó ń gbé ibẹ̀ títí lọ máa ń wà, nígbà míì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló pín wọn, ìyẹn ló ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ àwa lójú. Bọ̀dá tó wà ní London, tí ò ní sí ńlé lóru láti gbé màmá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, ẹ bá mi kí wọn.

Ó wá ku píánò. Ẹni tó mú yín káàkiri yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ni kí bẹ́ẹ̀dì má ṣófo. Kò burú, àmọ́ ibi tó bá wù ú kẹ́ ẹ dé ló máa mú yín dé. Ẹ má tíì padà lọ, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti fóònù yín. Ẹ lọ sí Medicare.gov, ẹ wá ibi tí wọ́n ń pè ní Care Compare, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sí i. Ìràwọ̀ kan sí márùn-ún ni wọ́n fi ń díwọ̀n wọn. Èmi o, mo máa ń fi ìràwọ̀ yẹn yọ èyí tí ò dáa kúrò ni, mi ò kì í fi mú èyí tó dáa. Ìdí ni pé ohun mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀ sínú ẹ̀: ohun táwọn tó wá yẹ ilé wò fún ìjọba rí, iye òṣìṣẹ́, àti báwọn aláìsàn ṣe ń ṣe sí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ilé náà fúnra ẹ̀ ló ń kọ púpọ̀ nínú ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ sì mọ béèyàn ṣe máa ń kọ nípa ara ẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ ni mo gbà gbọ́ jù torí àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, o ò lè purọ́ pé èèyàn ṣiṣẹ́ tó ò sanwó fún. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ ti òṣìṣẹ́ sí, ẹ ó rí wákàtí nọ́ọ̀sì fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní wíkẹ́ńdì, ẹ ó tún rí iye òṣìṣẹ́ tó ń fibẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Ilé tí òṣìṣẹ́ kì í ti í pẹ́, tó jẹ́ ojú tuntun ni màmá á máa rí láràárọ̀, ẹ sá fún un. Tẹ́ ẹ bá sì rí àmì pupa kan tó ní àtẹ́lẹwọ́ nínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé kan, wọ́n ti mú wọn lórí ọ̀rọ̀ ìfìyàjẹ aláìsàn nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ dé bẹ̀.

Ẹ ka ìwé àyẹ̀wò náà fúnra ẹ̀, ó wà níbẹ̀, òfin sì ní kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé ti tuntun síbi tí àlejò ti lè rí i kà láì tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n má rí àléébù kankan nílé kan, ẹ má jẹ́ kíyẹn bà yín lẹ́rù. Àléébù pé fíríìjì ò tutù tó kò dà bí àléébù pé aláìsàn ṣubú lóru tí ẹnikẹ́ni ò pe dókítà títí ilẹ̀ fi mọ́. Èyí tí mo máa ń wá ni àléébù kan náà tó tún jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ tún bi wọ́n pé, láti aago mélòó ni ò ti ní sí RN, ìyẹn registered nurse, nọ́ọ̀sì tó kàwé jù nínú wọn, nínú ilé mọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ kàn ní kí RN wà níbẹ̀ fún wákàtí 8 lóòjọ́, ọjọ́ méjèèje, nígbà tó kù nọ́ọ̀sì tí ò tó RN lè máa bójú tó ilé. Ìjọba gbé òfin tuntun jáde lọ́dún 2024 pé kó di wákàtí 24, ilé ẹjọ́ kan ní Texas tiyín níbẹ̀ sì fagi lé e ní April 2025. Àwọn ilé tó ní RN tọ̀sán tòru wà o, àwọn yẹn kì í sì í fi bò, ẹ béèrè.

Ẹ wá padà lọ ní Sátidé, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ má pe ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Iná kékeré kan máa ń tàn lókè ilẹ̀kùn yàrá tí aláìsàn bá tẹ bẹ́ẹ̀lì. Ẹ dúró síbì kan bí ẹni tó ń wo fóònù, kẹ́ ẹ ṣọ́ iná yẹn. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó kú, kẹ́ ẹ sì wo ohun tí ẹni tó pa á ṣe lẹ́yìn náà, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á wọlé, wọ́n á pa bẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní "mò ń bọ̀", ó parí nìyẹn. Ẹ fojú wọ inú yàrá bẹ́ ẹ ṣe ń kọjá, ẹ wo ibi tí kọ́ọ̀pù omi wà. Mo bá ìyá kan pàdé nígbà kan tí ẹ̀gbẹ́ òsì wọn ti rọ pátápátá, wọ́n gbé tábìlì omi sápá òsì, wọ́n so okùn bẹ́ẹ̀lì mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì lápá òsì, ọwọ́ ọ̀tún tó ń ṣiṣẹ́ ló wà ní ọ̀dọ̀ ògiri. Ètè wọn ti bó. Mo ṣí fáìlì wọn, ẹnì kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi wà nítòsí aláìsàn. Ti màámi yín, ọwọ́ ọ̀tún ló rọ, torí náà òsì ni kí gbogbo nǹkan wà, ó yẹ kí ẹni tó ń mú yín káàkiri lè sọ ìyẹn fún yín láì jẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́.

Imú yín náà máa ṣiṣẹ́. Kí yàrá kan máa rùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹnì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yàgbẹ́ sára, kò sẹ́ni tí kì í yàgbẹ́. Kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa rùn ìtọ̀ látòkè délẹ̀, ìyẹn ti pẹ́. Kó sì máa ta sánsán òórùn dídùn tó le kọjá àlà, èmi ò fẹ́ ìyẹn náà, mo máa ń bi ara mi pé kí ni wọ́n ń fi bò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa dúdú tí mi ò rí kí wọ́n kọ ọ́ sínú àwọn ìwé tí wọ́n ń pín fún ẹbí. Ọgbẹ́ ìdùbúlẹ̀, èyí tó máa ń mú ẹni tí ò lè yí ara ẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ojú ibẹ̀ máa kọ́kọ́ pọ́n. Lára òyìnbó nìyẹn. Lára wa, ó lè má pọ́n rárá, ojú ibẹ̀ á kàn dúdú sí i, tàbí kó máa ṣe bí elésè àlùkò, á gbóná tàbí kó tutù ju ara tó yí i ká lọ, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ á le gbagidi tàbí kó rọ̀ jù. Ìgbà tí wọ́n máa fi rí pupa, ó ti bẹ́. Torí náà ẹ bi nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pé, báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ tọ́gbẹ́ bá fẹ́ mú ẹni tó dúdú? Ẹni tó bá ní àwọn ń wo pupa, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ẹni tó bá ní àwọn ń fọwọ́ kàn án, tó dárúkọ gìgísẹ̀ àti ìdí, ilé yẹn dáa. Tí màmá bá ti wọbẹ̀, ẹ máa fọwọ́ kan ibẹ̀ fúnra yín nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ má tijú.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, ẹ bi wọ́n léèrè speech therapist, kì í ṣe torí ọ̀rọ̀ sísọ nìkan, òun náà ló ń yẹ gbígbé oúnjẹ mì wò. Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ló ń wá? Ẹni tó ní sítírókù tí omi ń gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lè ní nimóníà láì hu ikọ́ kankan. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé oúnjẹ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé wá látilé, ẹ bi í kẹ́ ẹ tó fi kan màmá lẹ́nu, ìfẹ́ la fi ń ṣe é àmọ́ ó ti gbé àwọn kan padà sọ́sibítù.

Ti tẹ́rápì fúnra ẹ̀, ẹ̀tàn pọ̀ níbẹ̀. Látẹ̀yìn wá, iye ìṣẹ́jú tẹ́rápì ni Medicare fi ń sanwó fún wọn, ni wọ́n bá ń fi tẹ́rápì pa àwọn arúgbó. Láti October 2019, bí àìsàn onítọ̀hún ṣe rí ni wọ́n ń wò sanwó, ó wá di pé ilé tó bá fún un ní díẹ̀ ò pàdánù kọ́bọ̀. Torí náà ẹ má gba "a máa ń ṣe tẹ́rápì lójoojúmọ́" lẹ́nu wọn. Ìṣẹ́jú mélòó? Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀, ṣé Sátidé wà níbẹ̀? Ṣé òun nìkan pẹ̀lú tẹ́rápíìsì àbí àwọn mẹ́rin ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn? Òfin ò gbà kí èyí tí wọ́n ń ṣe papọ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹ̀. Ẹ wọnú yàrá tẹ́rápì náà, tẹ́ ẹ bá rí àwọn ìyá tó ń sùn lórí wíìlíṣíà níbẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ kọ̀ǹpútà, ẹ ti rí ohun tó ń jẹ́ ojoojúmọ́.

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ pàdé ọmọ wa kan níbẹ̀, Yorùbá tàbí Ìgbò tàbí ará Ghana, wọ́n wà nínú àwọn CNA, ìyẹn àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń wẹ àwọn aláìsàn tó sì ń gbé wọn. Ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ rọra bi í pé, "Èèyàn mélòó ló kàn ọ́ lálẹ́ yìí?" Kò ní lè sọ gbogbo ohun tó mọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ wo ojú ẹ̀. Òfin ní kí ilé náà lẹ iye òṣìṣẹ́ ṣíìfù kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi gbangba lójoojúmọ́, ẹ kà á, kẹ́ ẹ fi wé iye tẹ́ ẹ rí nílẹ̀.

Tó bá wá ku méjì tẹ́ ò mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú, èyí tó sún mọ́ ilé yín ni kẹ́ ẹ mú. Mi ò ní yí ẹnu mi padà lórí èyí. Ilé oníràwọ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ lè yà lẹ́yìn iṣẹ́ dáa ju oníràwọ̀ márùn-ún tó jẹ́ Sọ́ńdè sí Sọ́ńdè lẹ ó máa dé. Aláìsàn tí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ẹ̀ lè yọ nígbàkigbà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lóhùn, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Tí wọ́n bá sì ní aago àbẹ̀wò ti kọjá, òfin Amẹ́ríkà gba ẹbí láyè láti wọlé rí èèyàn wọn nígbàkigbà, tí màmá bá ṣáà ti fẹ́ rí yín.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà wọ́n wọlé, wọ́n á kó ìdì pépà kan síwájú yín, agara á ti dá yín, ẹ má sáré fọwọ́ sí i. Méjì ni kẹ́ ẹ wá nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n kọ "responsible party" sí. Òfin àpapọ̀ ò gbà kí wọ́n sọ ọ́ di dandan pé ọmọ gbọ́dọ̀ dúró fún gbèsè kí wọ́n tó gba ìyá ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń bá màmá fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé orúkọ màmá lẹ fi fọwọ́ sí i, kì í ṣe tara yín. Ìkejì, arbitration, ìyẹn àdéhùn pé tí nǹkan bá bàjẹ́ ẹ ò ní gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Wọn ò lè torí ẹ̀ kọ màmá, ẹ lè má fọwọ́ sí i, tẹ́ ẹ bá sì ti fọwọ́ sí i, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti yọwọ́. Láàárín wákàtí 48 tí màmá bá wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ ti ní ètò ìtọ́jú àkọ́kọ́ nílẹ̀ fún wọn, ẹ béèrè fún ẹ̀dà tiyín.

Owó ńkọ́? Tó bá jẹ́ Medicare ti ìjọba fúnra ẹ̀, ogún ọjọ́ àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni, láti ọjọ́ 21 dé ọjọ́ 100 màmá á máa san owó kan lójúmọ́, $209.50 ni lọ́dún 2025, tí wọ́n bá ní ìnṣọ́ránsì àfikún ó lè gbé e. Lẹ́yìn ọjọ́ 100, tara ẹni ni. Tó bá jẹ́ Medicare Advantage, ìyẹn èyí tí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì aládàáni ń bójú tó, ẹ pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ní báyìí, torí àwọn yẹn ní ilé tiwọn tí wọ́n ń bá ṣe, wọ́n sì máa ń fẹ́ fọwọ́ sí i kí aláìsàn tó kúrò lọ́sibítù. Ẹ má ṣe ilé kankan lọ́rẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó bi wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ṣubú, egungun ẹ̀yìn wọn sán, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò lọ́sibítù kí wọ́n tó lọ sí rìháàbù. Medicare wá ní àwọn ò ní san owó rìháàbù torí bàbá ò lo ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé wọn ò mọ òǹkà ni? Ọmọ Bàbá, Baltimore.

ÌDÁHÙN: Wọ́n mọ̀ ọ́n, ìṣirò tiwọn ló yàtọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń béèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí ọsibítù kọ bàbá sílẹ̀ bí inpatient, ìyẹn aláìsàn tí wọ́n gbà wọlé, ọjọ́ tí wọ́n jáde ò sì sí nínú ẹ̀. Ẹni tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, tó wọ aṣọ ọsibítù, tí wọ́n ń fún ní omi sára, wọ́n ṣì lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé "observation" ni, ìyẹn ẹni tí wọ́n ṣì ń wò láì tíì gbà wọlé, bí ẹni tó kàn yà kí wọn. Tó bá ti lé ní wákàtí 24 lórí observation, ó yẹ kí wọ́n ti fún yín ní ìwé kan tó sọ bẹ́ẹ̀, MOON ni wọ́n ń pè é, ẹ wá a nínú àwọn pépà tẹ́ ẹ kó bọ̀. Tó bá jẹ́ pé inpatient ni wọ́n kọ́kọ́ kọ kí ọsibítù tó yí i padà sí observation, ọ̀nà àti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti wà fún irú yín láti 2025, ẹ pe 1-800-MEDICARE. Tó bá jẹ́ observation látìbẹ̀rẹ̀, ó le díẹ̀, mi ò ní tàn yín. Ẹ̀yin tí èèyàn yín ṣì wà lọ́sibítù, ẹ bi wọ́n láràárọ̀: inpatient ni àbí observation? Tó bá jẹ́ observation, ẹ ní kí dókítà wá ṣàlàyé ìdí, kó tó di pé wọ́n jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá ìyàwó mi wọlé pẹ̀lú green card lọ́dún tó kọjá, ẹni ọdún 69. Ṣé Medicare máa gbé rìháàbù wọn? Àna Rere, Atlanta.

ÌDÁHÙN: Rárá. Ẹni tí ò ṣiṣẹ́ san owó orí ní Amẹ́ríkà rí, tí kò sì ní ọkọ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ ní ọdún 5 léraléra pẹ̀lú green card kó tó lè ra Medicare. Ní báyìí, ìnṣọ́ránsì ti Marketplace, ìyẹn ọjà ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba ṣètò, lẹ lè rà fún wọn, ẹ wo iye ọjọ́ skilled nursing tó wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó torí ó yàtọ̀ síra wọn gan-an. Tí gbèsè ọsibítù bá sì wà nílẹ̀, ọsibítù tí kì í ṣe ti èrè gbọ́dọ̀ ní ètò ìrànlọ́wọ́ owó, ẹ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ìtìjú ni mo fi ń kọ èyí. Màámi ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní rìháàbù lẹ́yìn tí itan wọn kán. Lánàá wọ́n fún mi níwèé pé ìnṣọ́ránsì máa dúró ní Fúráìdé torí wọn ò "tẹ̀ síwájú" mọ́. Wọn ò tíì lè dá dé ilé ìtọ̀. Àkàsọ̀ méjìlá ló wà nílé mi. Ṣé kí n kàn máa kó wọn lọ ni? Adúkẹ́, New Jersey.

ÌDÁHÙN: Adúkẹ́, kí lẹ ń tijú sí? Ẹ má kó wọn lọ níbì kankan lónìí. Ìwé tí wọ́n fún yín yẹn, ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ yín ó kéré tán ọjọ́ méjì kí owó tó dúró, nọ́ńbà fóònù kan sì wà nínú ẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń pè ní QIO. Àwọn yẹn ò sí lábẹ́ ilé náà, àwọn dókítà tiwọn ló máa tún fáìlì màmá yẹ̀ wò. Ẹ gbọ́dọ̀ pè wọ́n kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tí owó máa dúró. Fúráìdé tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀sán Tọ́sìdé nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Ọ̀rọ̀ "kò tẹ̀ síwájú mọ́" yẹn, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí ẹjọ́ ti wà lórí ẹ̀. Ẹjọ́ Jimmo tí wọ́n parí ní January 2013 ló jẹ́ kí Medicare kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé kò pọn dandan kí ara aláìsàn máa yá sí i kí wọ́n tó sanwó, tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló nílò kí ara ẹ̀ má bàa padà sẹ́yìn, ìyẹn náà kún un. Èyí ò mú ọjọ́ 100 gùn sí i o, ó kàn jẹ́ pé wọn ò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn gé e kúrú. Tó bá jẹ́ Medicare Advantage ni, òfin kan náà ló dè wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ń bá QIO sọ̀rọ̀, ẹ má sunkún nípa àkàsọ̀ nìkan. Ẹ sọ ohun tí màmá ò lè ṣe: wọn ò lè dìde láì di èèyàn mú, wọ́n ti fẹ́ ṣubú nígbà báyìí báyìí, nọ́ọ̀sì ló ń tọ́jú ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ, tẹ́rápíìsì ṣì ń kọ́ wọn lórí wọ́kà. Ẹ gba àkọsílẹ̀ tẹ́rápì ọ̀sẹ̀ yìí lọ́wọ́ ilé náà, ẹ kà á, ẹ ó bá ibì kan tí tẹ́rápíìsì fúnra ẹ̀ ti kọ pé màmá ń gbìyànjú ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì ń sọ fún yín pé wọ́n dúró sójú kan. Mo ti rí i rí. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé tí QIO bá ní ilé náà ló jàre, owó ọjọ́ tí màmá bá lò lẹ́yìn Fúráìdé lè wá sọ́rùn wọn, torí náà ẹ máa múra ilé sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń jà, ẹ ní kí wọ́n kọ wọ́kà àti àga ilé ìtọ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ béèrè home health, ìyẹn kí nọ́ọ̀sì àti tẹ́rápíìsì máa wá bá wọn nílé.

Ẹ pe ombudsman náà, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní i, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dúró ti ẹni tó wà nínú irú ilé báyìí, nọ́ńbà wọn sì gbọ́dọ̀ wà lára ògiri ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti pe QIO tán, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù sílẹ̀, àti aago tẹ́ ẹ pè, àti nọ́ńbà ẹjọ́ tí wọ́n bá fún yín.